Orí Kẹta: Ìlú Tí Ohun Kan Ti Ń Ṣe Iṣẹ́ Mẹ́ta

Gbogbo ìlú ló ń jẹun, gbogbo ìlú ló sì ń yàgbẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ti ń já iṣu, tòmátì, màlúù àti epo bẹntiróòlù sí Ìbàdàn àti Èkó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlú kan náà ti tú èéfín, omi ẹ̀gbin, ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde. Ohun tó ń wọlé hàn sí wa, torí owó la fi rà á. Ohun tó ń jáde ni a kì í kà sí, àfi ọjọ́ tó bá padà wá bá wa nílé gẹ́gẹ́ bí àgbàrá, bí àìsàn onígbáméjì, tàbí bí òórùn tí kì í jẹ́ ká ṣí fèrèsé.

Ìlú tó máa tọ́jọ́ ni ìlú tó ń ka èyí tó wọlé, tó sì ń ka èyí tó jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìlú olówó nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìlú kan ń tọ́jú àyíká rẹ̀, ohun tó ń wá sí wọn lọ́kàn ni sólà lórí gbogbo òrùlé, ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn, àti ilé onígíláàsì tí igi hù sí lára. Àwọn nǹkan wọ̀nyí wúlò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ìlú má ṣe ná owó sórí ohun tó máa ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, nígbà tí ohun kan náà lè ṣe iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ọgbà ìgbafẹ́ lè gba omi òjò dúró. Ìdọ̀tí lè di oúnjẹ fún aláìní. Títì ọkọ̀ akérò lè pinnu ibi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò pọ̀ sí.

Ìlú tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ nínú orí yìí ni Curitiba, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Paraná ní gúúsù ilẹ̀ Bràsíìlì. Lónìí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó mílíọ̀nù 1.8. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe lọ́nà yìí, ìlú náà kò lówó, èrò sì ń ya wọ ibẹ̀ láti ìgbèríko bí wọ́n ṣe ń ya wọ Èkó. Ìdí nìyí tí ìtàn rẹ̀ fi kàn wá ju ìtàn àwọn ìlú Yúróòpù lọ.

Omi ní ọ̀nà tirẹ̀

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní àárín ìgboro Ìbàdàn. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lọ. Títí di òní, àgbàlagbà tó wà ní Ìbàdàn nígbà náà ṣì ń fi omíyalé Ògùnpa ka ọdún. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn tún rọ̀, omi wó afárá, ẹ̀mí tó sì bá a lọ lé ní 100. Òjò ńlá ni méjèèjì. Àmọ́ òjò ńlá ti ń rọ̀ sórí òkè méje Ìbàdàn kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ilẹ̀ tí òjò náà ń rọ̀ sí ni ó ti yí padà.

Bí òjò bá rọ̀ sínú igbó, ewé igi ló kọ́kọ́ ń gbà á, tí yóò fi já bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ewé gbígbẹ tó tẹ́ sílẹ̀ a gbà á lọ́wọ́ ewé tútù. Ihò ekòló àti ojú ọ̀nà gbòǹgbò a fà á mu wọ inú ilẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni yóò ṣàn dé odò, kò sì ní dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n páànù kì í mu omi. Sìmẹ́ńtì kì í mu omi. Ọ̀dà títì kì í mu omi. Ibi tí igbó ti ń lo odindi ọjọ́ láti jọ̀wọ́ omi, àdúgbò tí wọ́n fi kọnkéré bò kì í lo ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká mú plọ́ọ̀tì kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 120. Onílé kọ́lé sí i, ó fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá kí ẹrẹ̀ má baà wọlé. Òjò kan rọ̀, ó ga tó mìlímítà 50, irú èyí tí a máa ń rí lẹ́ẹ̀mélòó kan láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá. Omi tó bọ́ sórí plọ́ọ̀tì kan ṣoṣo yẹn yóò lé ní lítà 33,000. Ó ju ọkọ̀ tánkà mẹ́ta lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba lítà 10,000. Bí kò bá rí ilẹ̀ tí yóò mu ún, ojú gọ́tà ni yóò kọjú sí. Bí ilé 100 bá wà ládùúgbò, tánkà tó lé ní 300 ló tú dà sínú gọ́tà kan náà láàárín wákàtí kan, gọ́tà tí ọ̀rá àti yanrìn sì ti dí ìdajì rẹ̀. Onílé kọ̀ọ̀kan rò pé òun kàn ń tún àgbàlá òun ṣe ni. Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ odò ló ń san gbèsè rẹ̀.

Irú ìṣòro yìí ni Curitiba bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970. Odò Barigui, Belém àti Iguaçu máa ń kún, àwọn tálákà sì ti kọ́lé sí bèbè wọn. Ohun tí ìlú púpọ̀ ń ṣe nígbà náà ni pé kí wọ́n da kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ odò méjèèjì, kí ó di gọ́tà ńlá, kí omi lè tètè sáré kọjá. Gọ́tà ńlá kò gba omi dúró. Ńṣe ló ń yára gbé wàhálà lọ bá àdúgbò tó wà nísàlẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, Curitiba fi owó tí wọ́n ní fún dídènà ìkún-omi gba ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá odò. Wọ́n gbẹ́ adágún omi síbẹ̀, wọ́n gbin koríko àti igi yí i ká, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́.

Ọgbà Barigui, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1972, fẹ̀ tó héktà 140. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará ìlú ń sáré níbẹ̀, ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn ẹranko kapibárà tó fi díẹ̀ jọ òyà ń jẹko létí omi. Bí òjò bá pọ̀, adágún a kún, omi a bo pápá mọ́lẹ̀, a sì dúró síbẹ̀ títí odò yóò fi ráyè gbà á. Koríko wà lábẹ́ omi fún ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tó kú. Nígbà kan, àgùntàn ni wọ́n ń lò láti gé koríko àwọn ọgbà wọ̀nyí dípò ẹ̀rọ tó ń mu epo.

Ẹ ka iṣẹ́ tí ilẹ̀ kan ṣoṣo yìí ń ṣe. Ó ń dènà àgbàrá. Ó ń fún ará ìlú níbi tí wọn yóò ti gba atẹ́gùn. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé ó ti gba bèbè odò kí ẹnikẹ́ni má baà tún kọ́lé síbẹ̀, torí ilẹ̀ tí gbogbo ìlú ń lò lójoojúmọ́ ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti gbà lóru. Ilẹ̀ tí ìjọba kàn fi àkọlé “Má kọ́lé síbí” sí, ta ni yóò ṣọ́ ọ?

Títì tó ń pinnu ibi tí ilé yóò wà

Ọ̀pọ̀ epo tí ìlú ń jó, orí títì ló ń jó o. Epo tí ìlú yóò jó sì wà lọ́wọ́ bí ilé ṣe jìnnà sí ibi iṣẹ́, ju bí ọkọ̀ ṣe dára tó lọ. Bí ilé bá wà níbí, tí iṣẹ́ wà lọ́hùn-ún, tí ọjà àti ilé ìwé tún wà níbòmíràn, kò sí irú ọkọ̀ tí a lè rà tí kò ní sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ.

Láti ọdún 1965 ni Curitiba ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa ronú sí bí ìlú yóò ṣe tẹ̀ síwájú. Ayàwòrán ilé kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jaime Lerner. Ní ọdún 1971, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 33, wọ́n fi í ṣe méyọ̀ ìlú náà. Ìgbà mẹ́ta ni ó wà lórí oyè yìí kí ó tó kúrò ní ọdún 1992.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe dá ìjà sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1972, ó ti ọkọ̀ kúrò ní òpópónà XV de Novembro, ojú ọjà àárín ìlú, ó sì sọ ọ́ di ti ẹlẹ́sẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà tí wọ́n sì fi parí ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀, kí àwọn oníṣòwò tó ń bẹ̀rù pé ọjà àwọn yóò kú má baà ráyè gba ilé ẹjọ́ lọ. Nígbà tí àwọn onímọ́tò gbìmọ̀ pé àwọn yóò wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ tipátipá, àwọn ọmọdé ni wọ́n bá níbẹ̀ tí wọ́n jókòó sílẹ̀, tí wọ́n ń ya àwòrán sórí bébà. Wọ́n padà. Láìpẹ́, àwọn oníṣòwò rí i pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ń dúró wo ọjà, àwọn tó wà ní òpópónà mìíràn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè fún irú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó tóbi jù tẹ̀ lé e ní ọdún 1974. Wọ́n yan òpópónà ńlá tó gba àárín ìlú kọjá, wọ́n ya àárín rẹ̀ sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì nìkan. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ṣe òfin ilé kíkọ́. Lẹ́bàá òpópónà bọ́ọ̀sì nìkan ni ilé gíga gíga ti lè wà. Bí ènìyàn bá ṣe ń jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilé gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ sí i. Ẹni tó wo ìlú náà láti òkè yóò rí ìlà ilé gíga tó nà láti àárín ìlú lọ sí ìta, yóò sì mọ ibi tí bọ́ọ̀sì ń gbà láìbéèrè. Báyìí ni títì ṣe sọ ibi tí èrò yóò gbé, tí èrò náà sì ń rí i dájú pé bọ́ọ̀sì kò rìn lófìfo.

Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì náà. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń kọ́ bọ́sítọ́ọ̀pù tó dà bí páìpù gíláàsì ńlá tí wọ́n gbé dùbúlẹ̀. Èrò ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà páìpù náà kí bọ́ọ̀sì tó dé. Ilẹ̀ inú páìpù ga dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ inú bọ́ọ̀sì, kò sí àkàsọ̀ tí a ó gùn. Bọ́ọ̀sì dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, pátákó kan nà láti ara rẹ̀ kan ẹnu páìpù, ìyá arúgbó rìn wọlé, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ yí i wọlé, ilẹ̀kùn pa dé. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni. Kò sí kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń wá ṣéńjì, kò sí ẹni tó ń fò lé ẹnu ọ̀nà. Owó ọkọ̀ kan ṣoṣo sì tó láti wọ bọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta títí dé ibi tí ènìyàn ń lọ, bí kò bá ti jáde kúrò nínú ibùdókọ̀.

Ní ọdún 1992 ni bọ́ọ̀sì gbọọrọ alápá mẹ́ta dé, èyí tó ń gba èrò bíi 270. Bí àwọn èrò yẹn bá wọ mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ní méjì méjì, mọ́tò 135 ni. Bí mọ́tò kọ̀ọ̀kan bá gba mítà méje lórí títì pẹ̀lú àlàfo tó wà níwájú rẹ̀, ìlà wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà kan. Bọ́ọ̀sì kan ló ṣe iṣẹ́ ìlà mọ́tò yẹn.

Ohun kan tún wà tí ojú èrò kì í rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ni àwọn bọ́ọ̀sì náà, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, kìlómítà tí bọ́ọ̀sì bá rìn ni ìlú fi ń sanwó fún wọn, kì í ṣe iye orí tí wọ́n bá kó. Ẹ fi èyí wé dánfó wa. Awakọ̀ dánfó ní owó tó gbọ́dọ̀ san fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́, orí èrò nìkan ló sì ti lè rí i. Ìdí nìyẹn tó fi ń sáré, tó ń dúró lójijì, tó ń ya bá èrò láàárín títì. Ẹ mú awakọ̀ kan náà, ẹ yí bí ẹ ṣe ń sanwó fún un padà, ìwà rẹ̀ yóò yí padà.

Ìlú Bogotá ní Kòlóḿbíà mú ètò yìí lò ní òpin ọdún 2000. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, ó dé Èkó: BRT láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ẹni tó ń gbé Kétu tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù mọ ìyàtọ̀ tó mú wá. Ṣùgbọ́n ìdajì ètò náà ni Èkó gbà. A ya ọ̀nà bọ́ọ̀sì sọ́tọ̀. A kò so òfin ilé kíkọ́ mọ́ ọn. Àwọn ilé tuntun ń lọ sí ìhà Ajah, Ìbẹjú-Lẹ́kkí àti Mówé, níbi tí kò sí ọ̀nà bọ́ọ̀sì kankan kí èrò tó dé. Rélùwéè oníná mànàmáná tó ń lọ láti Marina sí Mile 2, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tún fún wa láǹfààní láti ṣe èyí tó kù: kí a jẹ́ kí ilé, ọjà àti ilé ìwé pọ̀ ní etí ibùdókọ̀ rẹ̀.

Ìdọ̀tí kì í ṣe ìdọ̀tí títí a ó fi dà á pọ̀

Apá tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń dà nù nílé ni èèpo iṣu, ewé ẹ̀fọ́, omi ọbẹ̀ àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù. Bí wọ́n bá wà lọ́tọ̀, ajílẹ̀ ni wọ́n. Bí ike bá wà lọ́tọ̀, ọjà ni. Bí agolo bá wà lọ́tọ̀, ọjà ni. Ọjọ́ tí a bá da gbogbo wọn sínú àpò kan ni wọ́n di ìdọ̀tí, torí ike ti lẹ̀ mọ́ ọbẹ̀, ajílẹ̀ ti ní bátìrì nínú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ààtàn ńlá bíi ti Olúsósùn ní Ọjọ́ta nìyí. Oúnjẹ tó jẹrà níbi tí atẹ́gùn wà kì í ṣe wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí òkìtì ìdọ̀tí bá bò ó mọ́lẹ̀, tí atẹ́gùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí tí wọn kò nílò atẹ́gùn ni yóò máa jẹ ẹ́. Wọ́n á sì máa tú gáàsì mẹ́téènì jáde, gáàsì tó ń mú kí ayé gbóná ju èéfín mọ́tò lọ ní ìwọ̀n kan náà, tó sì ń gbaná. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Olúsósùn jóná, èéfín sì bo àwọn àdúgbò tó yí i ká. Ìdọ̀tí tí a rò pé a ti dà nù ń bẹ níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1989, Curitiba bẹ̀rẹ̀ ètò láti ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ nílé. Ilé ìwé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé bí a ṣe ń yà á, àwọn ọmọdé sì lọ kọ́ ìyá àti bàbá wọn. Àmọ́ àwọn àdúgbò tálákà kan wà tí ọ̀nà ibẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ìdọ̀tí kò lè wọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí ń kún odò, eku ń pọ̀, àìsàn ń tàn kálẹ̀. Ìjọba ìlú lè ra ọkọ̀ kéékèèké, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láti la ọ̀nà. Wọn kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n kéde pé ẹni tó bá gbé àpò ìdọ̀tí rẹ̀ jáde wá sí títì yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì.

Ní ọdún 1991, wọ́n fi oúnjẹ kún un. Ẹni tó bá kó kílò mẹ́rin ike, bébà tàbí agolo wá yóò gba kílò kan èso àti ẹ̀fọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tó wà ní agbègbè ìlú ni wọ́n ti ń ra ẹ̀fọ́ náà, pàápàá nígbà tí ire oko bá pọ̀ jù tí ọjà kò bá gbé e. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé, ìlà ènìyàn a ti tò. Ìyá kan a gbé àpò rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, akọ̀wé a ka kílò, ìyá a kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀, kábéèjì àti ọsàn kún àpò kan náà. Àdúgbò mọ́, ọmọ jẹun, àgbẹ̀ rí ọjà tà, ìlú kò sì wó ilé kankan. Owó tí wọ́n ì bá fi kó ìdọ̀tí, tí wọ́n ì bá fi tọ́jú ẹni tí eku kó àìsàn bá, òun ni wọ́n fi ra ẹ̀fọ́.

Omi ẹ̀gbin tó ń bọ́ ẹja

Àpẹẹrẹ mìíràn wà ní Íńdíà tó yẹ ká mọ̀. Ní ìlà-oòrùn ìlú Kolkata, ilẹ̀ àbàtà kan wà tó fẹ̀ tó héktà 12,500. Inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú omi ẹ̀gbin ìlú ńlá yẹn ń ṣàn lọ. Àwọn apẹja àti àgbẹ̀ ibẹ̀ ti mọ̀, láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe lè darí omi náà sínú adágún tí kò jìn. Nínú adágún tí kò jìn, oòrùn ń dé ìsàlẹ̀. Ìtànṣán oòrùn ń pa kòkòrò àrùn, ó sì ń jẹ́ kí ewé wíníwíní tó máa ń sọ omi di aláwọ̀ ewé hù. Ewé wọ̀nyí ń fi ohun tó wà nínú ìgbẹ́ ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń tú atẹ́gùn sínú omi. Ẹja ń jẹ ewé náà. Omi tó bá jáde láti inú adágún ń lọ bomi rin oko ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì.

Ẹja àti ẹ̀fọ́ ń padà sí ìlú tí ìgbẹ́ rẹ̀ bọ́ wọn. Ẹnjiníà ìjọba kan, Dhrubajyoti Ghosh, ló ṣàlàyé fún ayé bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, tó sì jà kí wọ́n má baà fi yanrìn kún ilẹ̀ náà láti kọ́lé. Ní ọdún 2002, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ilẹ̀ àbàtà tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Àbàtà náà ń fọ omi, ó ń bọ́ ènìyàn, ó ń fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún níṣẹ́, ó sì ń gba òjò dúró. Ilẹ̀ àbàtà tí a ń da yanrìn sí ní Lẹ́kkí àti ní àwọn etí ọ̀sà wa mìíràn lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Bí a bá kún un tán, owó la ó máa fi ra ohun tó ti ń ṣe fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Igi tún ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀dà títì àti kọnkéré ń fa oòrùn mu lọ́sàn-án, wọ́n ń tú u jáde lóru. Ìdí nìyí tí àárín ìlú fi ń gbóná ju oko lọ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Igi ń ṣíji bo ilẹ̀, ó ń fa omi láti ìsàlẹ̀, ó sì ń tú u sí afẹ́fẹ́ láti ojú ewé rẹ̀, èyí tó ń mú kí atẹ́gùn tutù. Ilé tó wà lábẹ́ igi kì í tan fáànù tó ilé tó wà nínú oòrùn, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ a sì sinmi.

Ohun tí ìlú wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Kò yẹ kí a ka gbogbo èyí bí ẹni pé ìmọ̀ àjèjì ni. Yorùbá jẹ́ ará ìlú ńlá kí òyìnbó tó dé. Ní Ilé-Ifẹ̀, bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ti ń to àpáàdì sí ilẹ̀ ní ìnàró, èyí kan ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti fi tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá. Ìkòkò tó fọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹrẹ̀ kò bá wọn jà, ìdọ̀tí sì di ọ̀nà. Nínú agbo ilé àtijọ́, òrùlé a dà sí inú àgbàlá, omi òjò a ṣàn sínú ìkòkò ńlá tí wọ́n gbé sílẹ̀ dè é. Àgbàlá kan náà ń mú ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó ń jẹ́ kí ooru jáde, ó sì jẹ́ ibi tí ọmọdé ti ń gbọ́ àlọ́. Oko etílé wà ní ẹ̀yìn odi, ààtàn sì wà lẹ́yìnkùlé tí ẹ̀fọ́ ń hù lórí rẹ̀.

Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun tó jẹ́ héktà 75 ṣì wà títí di òní. Òfin rẹ̀ kò gba kí a pẹja, kí a dọdẹ tàbí kí a gé igi. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ẹni tó bá dúró lábẹ́ igi rẹ̀ lọ́sàn-án gangan yóò mọ̀ lára rẹ̀ pé ilẹ̀ tí a bọ̀wọ̀ fún lè jẹ́ ojúbọ, kí ó jẹ́ ilé ẹranko, kí ó sì jẹ́ ààbò fún bèbè odò. Òkè odò Ọ̀ṣun náà ni a ń fi wíwa wúrà àti ìdọ̀tí bà jẹ́, tí omi rẹ̀ fi pọ́n. Igbó nìkan kò lè gba odò là tí gbogbo ìlú tó wà lókè kò bá ràn án lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tí kì í tán

Curitiba kì í ṣe ọ̀run. Púpọ̀ nínú àwọn odò rẹ̀ ṣì dọ̀tí, torí omi ẹ̀gbin àwọn ilé tí kò ní páìpù ń ṣàn wọ̀ wọ́n. Àwọn tálákà tí kò rówó gba ilé lẹ́bàá òpópónà bọ́ọ̀sì ti lọ kóra jọ sí ẹ̀yìn odi ìlú. Bí owó ṣe ń wọlé fún àwọn ará ìlú ni mọ́tò ń pọ̀ sí i, bọ́ọ̀sì sì pàdánù èrò. Ààtàn ńlá wọn ní Caximba kún, wọ́n sì tì í ní ọdún 2010, láìka gbogbo ìdọ̀tí tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ sí. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ìlú tó tọ́jọ́ kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ parí. Ó ń fẹ́ ìtọ́jú lọ́dọọdún, ó sì ń fẹ́ kí àwọn tó kẹ́yìn jàǹfààní nínú rẹ̀ bí àwọn tó ṣíwájú. Àdúgbò tí a bá gbàgbé ni odò yóò ti dọ̀tí.

Síbẹ̀, ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìwọ̀nba ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣe wà. Onílé lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta àgbàlá rẹ̀ sílẹ̀ fún koríko àti igi, kí ó sì gbé táńkì sábẹ́ òrùlé. Ẹgbẹ́ onílé lè bá àwọn tó ń ra ike ṣe àdéhùn, kí wọ́n máa wá lọ́sẹ̀ kan kan, kí owó rẹ̀ máa kó gọ́tà. Olùkọ́ lè kọ́ ọmọ ilé ìwé bí a ṣe ń ya ìdọ̀tí, torí ọmọdé ló ń mú òfin tuntun wọlé. Wolé-wolé àtijọ́ ń wo inú àmù àti ẹ̀yìnkùlé. Tòde òní yẹ kí ó tún wo bóyá omi òjò ilé yẹn rí ilẹ̀ mu.

Èyí tó ju agbára ẹnì kan lọ, ọwọ́ ìjọba ló wà, owó orí wa ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Nítorí náà a ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ da kọnkéré sí odò, ẹ bi wọ́n pé kí ni yóò gba omi dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ la títì tuntun, ẹ béèrè ibi tí bọ́ọ̀sì yóò gbà àti ta ni yóò gbé lẹ́bàá rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí ààtàn mìíràn, ẹ béèrè ibi tí èèpo iṣu yóò yà sí kí ó tó dé ibẹ̀. Iṣẹ́ mélòó ni owó yìí yóò ṣe? Ìlú tí ará ibẹ̀ bá ń béèrè ìbéèrè yìí ní gbogbo ìpàdé, tí wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi rí èsì, yóò rí owó tó tó fún ohun tó ṣe pàtàkì, torí kò ní ná an lẹ́ẹ̀mẹ́ta sórí ohun tí ẹ̀ẹ̀kan ì bá tó.